Àwọn Ẹ̀ka Tí Mi Ò Kà sí Bàbá Mi Létí

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ilé-Omi.
                                                            Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin.

Awẹ́lẹ́wà, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn ju bí mo ṣe máa ń fi hàn lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti lọ? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń fúyẹ́? Mo rí àbúrò rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ga jù mí lọ, ó wá ń fi ojú àbúrò wò mí, ọmọ tí mo máa ń nu imú fún. Ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ. Wọ́n ní ọmọ náà ń ké láìnídìí, pé èmi ló jọ. Nítorí náà, èmi àti bàbá mi nìkan la wà nílé. Èmi alára, tí o bá bi mí, màá ní "dáadáa ni", irọ́ ni màá sì pa. Irọ́ ti pọ̀ lẹ́nu mi jù láti bí oṣù kan ààbọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ yín ò gba fóònù, àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á, mi ò ní lè fi ẹnu sọ eléyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ awakọ̀ ló máa mú lẹ́tà náà wá láàárọ̀ ọ̀la. Mo ní kó má fi rán ẹnikẹ́ni, kó fi lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bínú. Mo fẹ́ kí o wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe kí a jọ ṣeré. Bàbá mi gbà pé iyè àwọn ti ń ra, wọ́n sì fẹ́ lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iyè wọn ò ra. Èmi ni mo ṣe é.

Ìwọ nìkan, lẹ́yìn ìyá mi, lo mọ̀ pé bàbá mi ò ríran mọ́. Nígbà tí mo kúrò nílé-ìwé, mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ìwé sú mi. Ìwé sú mi lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú mi kúrò. Ojú bàbá mi ni. Bí ọ́fíìsì bá mọ̀, wọ́n á ní kí bàbá mi máa lọ sílé, bàbá mi ò sì mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n lè ṣe láyé yìí ju ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ omi lọ.

O ò tíì rí yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló wà, fèrèsé kan, tábìlì méjì, fáànù kan tó ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún ni láti ẹnu ọ̀nà ńlá dé ibẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga sí ojú ọ̀nà, màá wúkọ́, wọ́n á yà á. Tí a bá dé inú, wọ́n á wọ awò ojú, wọ́n á kọjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo nǹkan pàtàkì. Èmi á máa ka ètò náà sí wọn létí, ìlà kọ̀ọ̀kan, àkámọ́ ṣí, àkámọ́ pa, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn ní ìlà méjì. Kí lo pè níbẹ̀ yẹn?" Wọ́n á sọ ohun tí màá tẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́, màá kà á padà. Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́. Wọ́n máa ń sọ pé, "Bàbá yìí mà le o, kò jẹ́ kí ẹnu ọmọ yìí sinmi rárá." Àwọn náà ló sọ mí ní Afajúro. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín sí?

Ètò yẹn ju èmi àti ìwọ lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá mi kọ ọ́ kí wọ́n tó mọ ìyá mi rárá. Òun ló ń sọ fún pọ́ǹpù pé kó fa omi láti odò lọ sí táǹkì mẹ́rin tó wà lórí òkè, òun náà ló ń sọ pé ó tó, dákẹ́. Ìlà ọ̀kẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn bàbá mi, wọ́n sì ti lọ, kálukú fi pàǹtírí tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí ilé tí ayálégbé kó kúrò nínú rẹ̀ tí kò gbálẹ̀. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀gá wa obìnrin, Màdáàmù, ní kọ̀ǹpútà tuntun ti dé, kí bàbá mi kó ètò náà lọ síbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má kó pàǹtírí lọ. Wọ́n wá fún wa ní irinṣẹ́ kan tí a máa fi ṣe é.

Orúkọ tí àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà sọ ọ́ gùn. Atúdìí ni mò ń pè é. Ètò tó ń ka ètò ni. Tí o bá fi ètò àtijọ́ sí i lẹ́nu, á tú u palẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀ka, á sọ ẹ̀ka tó ń pe òmíràn níṣẹ́, á ya gbogbo rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. O tẹ ẹ̀ka kan, á fi gbogbo ibi tí nǹkan á ti bàjẹ́ hàn ọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án. Awẹ́lẹ́wà, ó dùn mọ́ mi. Nílé-ìwé, tí tíṣà bá bi mí ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Níwájú Atúdìí, èmi ni mò ń béèrè, òun ló ń dáhùn, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹ̀ka tí kò sẹ́ni tó ń pè é, á kùn ún ní àwọ̀ eérú, ìyẹn ni pé òkú ni, ẹ lè gbé e jù. Igba ẹ̀ka ó lé méjìlá ló kùn ní eérú.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní, "Atúdìí rẹ yẹn gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ohun tó bá rí ló ń sọ. Má pa ẹyọ ẹ̀ka kan rẹ́ láìjẹ́ pé o kà á sí mi létí."

Mo ka ọgọ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo kà á dáadáa, mo lè búra ìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún ni àwòrán rẹ dé, èyí tí o ti wọ fìlà nọ́ọ̀sì. Má bínú, òótọ́ ni mo ní mo máa sọ. Mo wo fìlà rẹ, mo wá wo ara mi nínú gíláàsì fèrèsé: ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, rorẹ́ kún iwájú orí, ètè gbẹ, tó ń kígbe àkámọ́ ṣí, àkámọ́ pa látàárọ̀ dalẹ́. Inú bí mi sí ọ. Inú bí mi sí bàbá mi, bí ẹni pé wọ́n lọ ra ìfọ́jú lọ́jà. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó kù, bákan náà ni wọ́n rí. Wọ́n ní kí n ṣáà máa kà.

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí ẹ̀ka kékeré kan, ìlà mẹ́fà péré, èyí tó ń tẹ ọjọ́ òní sórí ìwé. Mo kà á. Wọ́n ní, "Pa á rẹ́." Mo tún un kà, mo yí orúkọ rẹ̀ padà. "Pa á rẹ́." Mo tún un kà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí, tí mò ń kà á tí mò ń wo àwọn ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí oòrùn máa fi kan orí, mo ní, "Bàámi, ó tán." Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹnu rẹ á ti máa ro ọ́." Wọ́n wá omi fún mi mu. Mo pa méjìléláàádóje rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Nínú wọn ni mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ Dí-kan, Dí-méjì, Dí-mẹ́ta àti Dí-mẹ́rin wà. Àwọn ló ń dá pọ́ǹpù dúró bí táǹkì bá kún. Àmọ́ kò síbi kan nínú ètò náà tí a ti kọ "Dí-mẹ́ta" ní odindi. Nígbà tí bàbá mi kọ ọ́, kọ̀ǹpútà ò láyè nínú, ṣe ni wọ́n ń ṣún un lò. Wọ́n kọ "Dí" síbì kan, kí ètò náà fúnra rẹ̀ máa so nọ́ńbà táǹkì tó bá kún mọ́ ọn nígbà tó bá tó àkókò, kó sì fi pe ẹ̀ka. Atúdìí wá odindi orúkọ, kò rí i, ó ní kò sẹ́ni tó ń pè é. Kò parọ́. Èmi ni mo parọ́. Ká ní mo ka ìlà àkọ́kọ́ nínú Dí-kan sí bàbá mi létí, wọ́n á ti fò sókè lórí àga.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà yẹn, táǹkì kì í kún. A kó ètò náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, mo tiẹ̀ ti ń gbàgbé. Lọ́jọ́ Túsìdè tó kọjá lọ́hùn-ún, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò kún, gbogbo èèyàn ń gbe omi òjò, kò sẹ́ni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Táǹkì kẹta kún lọ́sàn-án gangan. Ètò náà pe Dí-mẹ́ta, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí, pọ́ǹpù sì ń fa omi lọ ní tirẹ̀. Omi ya wálẹ̀ láti orí òkè, ó wọ ìsàlẹ̀ ilé ọ́fíìsì níbi tí ètò tí bàbá mi tẹ̀ sórí ìwé nígbà àtijọ́ wà, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ. Ó kọjá síwájú, ó wó ògiri ẹ̀yìn ilé Ìyá Aránṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Aránṣọ wa, tó rán yúnífọ́ọ̀mù fún èmi àti ìwọ. Ibi tí wọ́n jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni ògiri ti wó lù wọ́n. Ẹ̀rọ yẹn ló gba díẹ̀ nínú bíríkì dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan mìíràn là bá máa sọ. Ẹsẹ̀ wọn kán lójú méjì. Mo lọ wò wọ́n ní ọsibítù. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Afajúro, sún mọ́bí, jẹ́ kí n wọn àyà rẹ wò, o ti ń di ìyàwó." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí àwọn fi ń tẹ ẹ̀rọ ni wọ́n dì yẹn, ṣé mo lè wá máa báwọn tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo lè wá.

Lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá náà, Màdáàmù pè wá. Wọ́n na ìwé kan tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde sí bàbá mi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kà á fúnra yín." Bàbá mi gba ìwé náà, wọ́n gbé e súnmọ́ awò wọn, wọ́n ń mi orí. Awẹ́lẹ́wà, ìwé náà dorí kodò. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, mo kà á sókè: "Mo pe Dí-mẹ́ta. Mi ò rí Dí-mẹ́ta." Màdáàmù béèrè ẹni tó pa á rẹ́. Bàbá mi ní, "Èmi ni." Wọn ò tiẹ̀ kọjú sọ́dọ̀ mi. Màdáàmù ní ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìlà kan kún ètò náà títí bàbá mi á fi fọwọ́ sí i pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a dé yàrá wa, bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Afajúro, ṣé o ka Dí-mẹ́ta sí mi létí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ẹ ní kí n pa á rẹ́."

"Èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu. Bàbá mi fẹ́ jókòó, wọ́n fi ọwọ́ wá àga náà kí wọ́n tó rí i, àga tí wọ́n ti ń jókòó sí láti ọjọ́ tí a bí mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dán ara wọn wò. Wọ́n á ka orúkọ àwọn àbúrò wọn láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Wọ́n á bi mí pé, "Kí la jẹ láàárọ̀? Má sọ fún mi, jẹ́ kí n rántí." Wọ́n máa ń gbà á, àmọ́ bí wọ́n bá dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn ò rántí orúkọ ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ ilé-ìwé. Ta ni kì í gbàgbé irú ẹ̀? Wọ́n jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá mi tó máa ń sọ pé, "Ojú lọ, orí ń bẹ," tí wọ́n á sì fi ìka gbá orí wọn kó, kó, kó. Wọn ò sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdè tó kọjá yìí, wọ́n ní kí n tẹ lẹ́tà kan. "Sí Ọ̀gá Àgbà. Iyè mi ti ń ra. Mi ò yẹ lẹ́ni tí a lè fi omi ìlú lé lọ́wọ́ mọ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí n kà á padà, mo sì kà á láìfo nǹkan kan. Lẹ́tà yẹn wà nínú àpò kóòtù wọn bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo di ẹrù. Mo dé ibùdókọ̀, mo tiẹ̀ ti wọ ọkọ̀. Mo wá rò ó pé ta ló máa wúkọ́ bí wọ́n bá gbé àga sí ojú ọ̀nà? Mo sọ̀ kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ní, "Àǹtí, ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Bàbá Fáàfù ló wà lórí òkè báyìí. O ò mọ̀ wọ́n. Àwọn ló ń ṣọ́ táǹkì kí ètò kọ̀ǹpútà tó dé, wọ́n ti darúgbó, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Nítorí pé kò sí Dí kankan mọ́, wọ́n jókòó síbẹ̀ lábẹ́ agbòjò, wọ́n ń yọjú wo inú táǹkì, wọ́n ń fi ọwọ́ dí fáàfù tí omi ń gbà wọlé. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lánàá. Wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó ti rẹ òun náà. Kó wá bẹ̀ mí!" Wọ́n rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe agbè ni? Bàbá mi ńkọ́?

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lánàá, mo bá bàbá mi nínú pálọ̀, wọ́n ń ka ìsọdipúpọ̀ fún ara wọn. "Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Wọ́n wá dúró. Wọ́n kọjú sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Awẹ́lẹ́wà, ọkùnrin yìí ló fi ẹgba kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀. Ohùn tí wọ́n fi bi mí, ohùn ọmọ tó ń bẹ̀rù tíṣà ni.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàámi, mi ò kà á."

"O ò ka kí ni?"

"Dí-mẹ́ta. Mi ò kà á sí yín létí. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mò ń tún kà, tí mò ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ ò ní kí n pa á rẹ́. Ẹ ò gbọ́ ọ rárá."

Wọ́n ní, "Mélòó?" Mo ní méjìléláàádóje. Wọn ò lù mí. Ó wù mí kí wọ́n lù mí. Wọ́n ní, "Jókòó. Ṣí kọ̀ǹpútà kékeré yẹn. Máa tẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka Dí-kan láti orí wá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìlà lẹ́yìn ìlà, wọn ò kọsẹ̀. Wọ́n kà á dé Dí-mẹ́rin, ohun tí wọ́n kọ kí a tó bí mi. Níbì kan wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ṣe àṣìṣe nígbà àkọ́kọ́, tí omi fi wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àtijọ́, tí bàtà rẹ̀ ń léfòó jáde bí ọkọ̀ ojú omi. Ojú wọn tàn. Mo rò pé ó ti parí, pé wàhálà ti tán. Wọ́n ní, "Ó yá, kà á padà fún mi."

Mo ka ìlà mẹ́ta. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ lo ń kà?"

Mo búra. Wọ́n ní kí n má búra. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ pé òótọ́ lo kà á sí mi, pé mo ní kí o pa á rẹ́, tí àánú mi wá ń ṣe ọ́ lónìí. Ó lè jẹ́ pé ohun tí mò ń kà láti orí yìí, wúruwùru ni, tí ìwọ ń tún un ṣe fún mi. Ṣé mo ríran ni?" Mo ní kí Atúdìí yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, "Ta ló máa ka ohun tí Atúdìí bá sọ fún mi?" Kọ̀ǹpútà tó ń fọhùn tí wọ́n ní ó wà, kò sí níbi iṣẹ́ wa, bí a bá sì béèrè rẹ̀, wọ́n á bi wá pé ta ni kò ríran. Bàbá mi wá sọ ohun kan, wọn ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Ojú mi ni mo fi ọ́ ṣe. Ojú tó bá ń parọ́ fúnni, ó sàn kéèyàn fọ́ ọ."

Láti ìgbà yẹn, wọn ò jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún wọn. Òògùn wọn gan-an, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yan ìgò rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ti bàbá mi, etí ni, mo sì ti ba etí yẹn jẹ́.

Wọ́n sọ̀rọ̀ kan láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Awẹ́lẹ́wà ńkọ́? Ọmọ tó máa ń bá mi ka ìwé ìròyìn. Tó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, kì í fò ó, á dúró, á sípẹ́lì rẹ̀." Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Bẹ ìyá tó ń ṣọ́ ibùgbé yín ní ilé-ẹ̀kọ́, sọ pé bàbá kan ń ṣàìsàn, kì í ṣe irọ́. Wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà kalẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀. Àwọn ẹ̀ka mẹ́rin yẹn lo máa kọ́kọ́ kà fún wọn bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n, o ò nílò láti mọ ìtumọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, wàá tẹ ibi tí mo lẹ bébà pupa mọ́, Atúdìí á sọ bóyá wọ́n bá ètò tó kù mu, ka ìyẹn náà. Ohun kẹta ló le. Atúdìí máa ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ka tí èèyàn bá ṣí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Mo ti wò ó. Dí-mẹ́ta ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tẹ ọjọ́ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún yẹn, òun nìkan, látàárọ̀ títí di ọ̀sán, ojú ìwé mẹ́rin gbáko.

Nígbà tí mo rí i, ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnnì tí mo lè fi pa á rẹ́. Mo yọ ọwọ́ mi. Ìyẹn nìkan ni ohun rere tí mo ṣe láti bí oṣù méjì.

Òjò tún ti ṣú báyìí. Bàbá Fáàfù ti wà lórí òkè fún ọjọ́ mẹ́jọ, oorun ń kùn wọ́n níjòókòó. Bí bàbá mi bá gbọ́ ohun tí o kà, tí wọ́n sì gbà á gbọ́, wọ́n lè fọwọ́ sí i kí a dá Dí padà kó tó di Mọ́ńdè. Ti ojú wọn tí kò ríran, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa sọ ọ́ fún Màdáàmù, kí n má dá sí i. Ti èmi, èmi náà máa sọ tèmi, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Àmọ́ kí wọ́n má wọ yàrá yẹn pẹ̀lú èrò pé orí wọn ti lọ. Kí wọ́n yọ lẹ́tà yẹn kúrò nínú àpò wọn. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o ní kí wọ́n dárí jì mí, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ.

Bá mi kí màmá rẹ tí o bá kọ̀wé sílé, kí o sì kí àwọn ọmọ yàrá yín, pàápàá èyí tó ń hanrun. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ awakọ̀, kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Bí kò bá ṣeé ṣe fún ọ láti wá, fi ọ̀rọ̀ rán an, kí n má bàa máa wo ojú títì.

Tí o bá dé, ìta ni màá wà, mi ò ní wọlé tí o bá ń kà á. Tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í tẹ̀, sọ ọ́ sókè. Tí o bá sì dé ojú ìwé mẹ́rin yẹn, ka gbogbo rẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó sú ọ tó. Má fo ìlà kankan nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́.

                                                            Èmi tí mò ń retí rẹ, tìrẹ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí,
                                                            Afajúro.